Ìdákẹ́jẹ́ Méjì Lórí Rédíò Wa

Olè ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Bairbre bá mi sọ. Kò kí mi, kò béèrè orúkọ mi. Mo dúró lórí òkè Ros an Chuain, mo di okùn mú, òpó gígùn kan wà láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi Tadhg, afẹ́fẹ́ òkun sì fẹ́ gbé gbogbo wa lọ. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru agbọ̀n ẹrẹ̀ gbígbẹ tí a fi ń dáná. Ó dúró. Ó wo òpó náà láti ìdí dé orí.

"Olè," ó ní. "Òpó ọkọ̀ ojú omi bàbá mi nìyẹn."

Mo wo Tadhg. Tadhg wo òkun.

"Ṣebí o ní wọ́n yá ọ ni?" mo bi í.

"Wọ́n yá mi," Tadhg dáhùn. "Wọn ò kàn tíì mọ̀ ni."

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àbí ẹ fẹ́ ta ìgbòkun sí i, kí ẹ wa òkè yìí lọ sí Amẹ́ríkà?"

"Rédíò ni," mo ní. "Rédíò tí yóò máa sọ Gaeilge, èdè wa. Kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wa nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Ẹni tó fún wa ní òpó náà ni," Tadhg ní.

Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti rí ohun tó lẹ́wà nílé àti lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó tó ẹ̀rín yẹn. Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Òpó wó lulẹ̀ gbì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta gìrì, ó sá lọ, ẹrẹ̀ ìdáná sì fọ́n ká gbogbo orí òkè. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ṣà á. Bí ìfẹ́ ṣe mú mi nìyẹn: mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti England dé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná nílé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Àwọn ará ilé mi rò pé n óò gbé ibẹ̀ kú ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá mi, Nóra, kò jẹ́ kí n gbádùn. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lórí rédíò ìjọba, á jókòó síwájú rẹ̀, á ká ọwọ́ lé itan, á tẹ orí ba bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń bá wí.

"Beairtle, kí ló sọ? Ṣé ìjì ń bọ̀?"

Ìyàwó apẹja, ìyá apẹja, ìjì ń bọ̀ lórí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ní láti dúró de ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un nínú ilé ara rẹ̀! Ó dùn mí dé egungun. Mo kó ẹrù mi, mo padà wálé, mo ń kó bátìrì àti wáyà jọ.

Bairbre kò sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwa la gbé òpó. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Máàsì, ó wá sí ilé kékeré onítáyà tí Tadhg máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a kó ẹ̀rọ sí, kí a lè tètè sá bí ọlọ́pàá bá dé, torí a kò ní ìwé àṣẹ kankan.

"Ta ni yóò máa sọ̀rọ̀?" ó béèrè.

"Èmi," Tadhg ní.

"Ìwọ? Wàrà àwọn màlúù á gbẹ." Ó jókòó sídìí gbohùngbohùn, ó sì nawọ́. "Mú ìwé yẹn wá."

Bí ohùn Bairbre ṣe kọ́kọ́ wọ inú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ó sọ ojú ọjọ́. Ó sọ ẹni tó kú ní etí òkun lọ́hùn-ún àti àkókò ìsìnkú. Ó ní àgùntàn opó kan ti sọnù, etí rẹ̀ òsì ní àmì pupa, ẹni tó bá rí i kó má ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tí mo délé, ìyá mi dúró láàárín ilé, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ó bá mi sọ̀rọ̀," ó ní. "Beairtle, rédíò bá èmi sọ̀rọ̀."

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n rí àgùntàn náà.

Kí ni mo fẹ́ sọ nípa àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn? Ọkàn mi kún fún ayọ̀ débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. A máa ń rìn bọ̀ láti orí òkè, èmi á gbé bátìrì, òun á gbé ìwé. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti kó Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ láti England, pé Gaeilge mi ti di ọ̀dùnkún tútù. Lọ́jọ́ kan, mo gbójú, mo ní, "Bairbre, ìṣúra mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Ó dúró. "Èwo nínú wa? Èmi ni àbí ohùn mi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì."

"Ó dáa. Nítorí àwa méjèèjì náà nífẹ̀ẹ́ rẹ." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣùgbọ́n Àǹtí mi Nábla ti fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ láti Boston. Ọjọ́ Tuesday, ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn Àjíǹde. Bàbá mi ti fọwọ́ sí i."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́. Féichín ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló fi ń kó ẹrẹ̀ ìdáná lọ sí erékùṣù iwájú wa, níbi tí igi kan kì í hù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun sì ni olórin tó ga jù lọ ní gbogbo etí òkun wa. Bí Féichín bá kọ orin àtijọ́, àgbàlagbà ọkùnrin á fi fìlà bojú. Síbẹ̀, kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi èdè tó fi ń kọrin jẹun.

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí," ó sọ fún mi lójú gbogbo èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Márùn-ún wà ní Amẹ́ríkà. Ṣé Gaeilge ni wọ́n fi ra ilé níbẹ̀? Ìwọ ọmọ Nóra, o fẹ́ kí kékeré wọn jókòó sínú àpótí kan lórí òkè, kó máa wá àgùntàn káàkiri fún opó?"

"A rí àgùntàn náà, Bàbá," mo ní.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Bairbre ló rí ọ̀nà tí a lè gbà yí ọkàn rẹ̀ padà. Féichín ní ẹ̀gbọ́n kan ní erékùṣù, Cóil, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti jọ jókòó kọrin gbẹ̀yìn. Bairbre ní, "Bàbá, ẹ má kọrin fún rédíò. Ẹ kọ ọ́ fún Bàbá Cóil."

Ọkùnrin náà ń po tíì rẹ̀ títí ó fi tutù. Ó wá gbà. Wọ́n ránṣẹ́ sí erékùṣù: bí Cóil bá gbọ́ orin àbúrò rẹ̀, kí wọ́n kó koríko òkun tútù sínú iná, kí èéfín rẹ̀ lè jẹ́ èsì fún wa. Ó sì sọ fún èmi àti Bairbre pé, "Bí mo bá rí èéfín yẹn, n óò ronú sí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì."

Ọ̀rọ̀ ayé mi wá wà lórí èéfín.

Mo fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé. Mo ti ka ìwé kan ní England nípa bí a ṣe ń gba ohùn olórin: yàrá gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mí sí i. A fa ilé onítáyà náà sọ̀ sí ẹ̀yìn òkè kí Féichín má baà rí òpó rẹ̀, mo sì kan bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri rẹ̀. Mo lé gbogbo èèyàn jáde, títí kan Bairbre. Mo gbé Féichín jókòó síwájú gbohùngbohùn, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo sì fún un ní àmì láti ojú fèrèsé.

Kò sí ohùn.

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó jí sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìṣẹ́jú méjì. Lórí rédíò gbogbo ilé ní etí òkun, èémí ọkùnrin kan ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó yá ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó kọjá lára wa, ó lọ sílé. Kò sí èéfín ní erékùṣù.

Kó tó di ọjọ́ Wednesday, wọ́n ti fún un ní orúkọ: Féichín Adákẹ́. Àwọn kan ní ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn kan ní wọ́n gbọ́ pé ó kú sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí n wọlé.

"Àpótí rẹ ti gba ohùn mi," ó ní láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Kò ní gba ọmọ mi mọ́ ọn. Ọjọ́ Tuesday ló ń lọ."

Mo délé, mo dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Ìyá mi gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ta ló di ọwọ́ rẹ̀ mú?"

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ Féichín. Nígbà tó fẹ́ kọrin. Ta ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń bá a yí i?"

Mo gbójú sókè. Ní ilẹ̀ wa, a kì í dá kọrin àtijọ́. Olórin á di ojú, á kọjú sí ògiri, ẹni tó jókòó tì í á mú un lọ́wọ́, á máa yí ọwọ́ náà jẹ́jẹ́ bí orin ṣe ń lọ. Àwọn tó kù á máa dá a lóhùn pé "ẹ káre," "Ọlọ́run á dá ohùn yín sí." Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Bairbre náà ń rí i. Ẹni tó ń mí kì í ka èémí rẹ̀, kò sí ẹni tó rántí nínú wa.

"Kò sí ẹnì kankan, Ìyá. A ní kí ibẹ̀ dákẹ́ ni."

"Ẹ ti àgbà olórin mọ́ inú àpótí bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa," ìyá mi ní, "ẹ wá ń retí kó kọ. Gaeilge nìkan kọ́ lẹ fẹ́ gbé sórí rédíò, Beairtle. Àwọn tó ń sọ ọ́ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Saturday, èmi àti Tadhg tú òpó. Tadhg bú mi láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, torí láìsí òpó kò sí rédíò. Mo gbé e lé èjìká, mo sì rìn ín ní máìlì mẹ́rin. Féichín wà ní etí omi, ó ń fi ọ̀dà kun ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Bairbre jókòó sórí òkúta, ojú rẹ̀ pọ́n.

Mo sọ òpó kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó wò ó. Ó wò mí. "Oṣù méjì ni mo fi wá a! Mo ti pe gbogbo ìdílé Tadhg lólè nítorí rẹ̀!"

"Ẹ ò ṣìnà, Bàbá."

"Kí ló dé tí o gbé e wá?"

"Mo wá tọrọ àforíjì. Mo tì yín mọ́lé láìsí ọwọ́ kankan nínú ọwọ́ yín. Ohùn yín kò gbẹ. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, irú èyí tí ọmọ ilẹ̀ yìí kò yẹ kó ṣe láéláé. Mi ò wá tọrọ orin mọ́."

Ó ń kun ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti tán lórí búrọ́ọ̀ṣì kò sì mọ̀.

"Kí lẹ ó wá fi sọ̀rọ̀ lọ́la?"

"A ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Tí ìyá rẹ bá ń béèrè bóyá ìjì ń bọ̀ ńkọ́?"

Bairbre ló dìde lórí òkúta, tó dáhùn. "Á máa dúró de ẹni tí yóò túmọ̀ fún un, Bàbá. Bí yóò ṣe máa rí fún èmi ní Boston nìyẹn. Ẹlòmíràn á máa bá mi sọ ohun tó wà lọ́kàn mi."

Bàbá náà yíjú sí erékùṣù. "Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti rédíò látàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ó ní. "Wọ́n ní kò jẹ́ kí wọ́n pa á." Ó ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Gbé orí òpó yẹn. Kì í ṣe ibẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni. Ilé ìdáná mi ni n óò ti kọ ọ́. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Kí o sì pe gbogbo ayé."

Gbogbo ayé sì wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday yẹn, kò sí ibi tí èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ sí nílé ìdáná Féichín. Ajá wà níbẹ̀. Èéfín tábà wà níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan ń ké. Bairbre sọ ojú ọjọ́, ó sọ àwọn òkú, ó wá ní, "Bàbá Cóil, ẹni tí ẹ ń dúró dè nìyí."

Féichín di ojú, ó kọjú sí ògiri. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé wo ọwọ́ náà. Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Dìde, òmùgọ̀."

Mo di ọwọ́ náà mú. Ó le bí okùn ọkọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, jẹ́jẹ́, bí mo ti rí i tí bàbá mi máa ń ṣe.

Ohùn náà jáde.

Kí ni n óò fi wé? Ó ti ìsàlẹ̀ wá, ó gòkè, ó yí, ó kán, ó tún so. Orin ọkùnrin kan ni, tí omi pín òun àti ẹni tó fẹ́ràn níyà. "Ẹ káre, Féichín!" ni ilé ń dá a lóhùn. "Ọlọ́run á dá ohùn yín sí!" Láàárín rẹ̀, òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ni. Ó wá mú ẹ̀rọ. Gbogbo wa rí i, ṣùgbọ́n a kì í gé orin. Òun náà mọ̀. Ó ṣí fìlà, ó dúró. Nígbà tí Féichín dé ìlà tí ó ga jù, Sájẹ́ǹtì ló kígbe ju gbogbo wa lọ: "Ẹ̀mí yín á gùn, Bàbá!"

A kì í kọ ìlà tó gbẹ̀yìn orin wa, sísọ ni a máa ń sọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ lásán. Féichín la ojú, ó yíjú sí wa, ó sọ ìlà náà: "Mo sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́."

Kò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pe Bairbre. Bairbre dìde kúrò nídìí gbohùngbohùn. Bàbá náà mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé ọwọ́ mi, ó sì fi tirẹ̀ méjèèjì bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ ọwọ́ pàápàá dákẹ́. Lórí rédíò gbogbo etí òkun, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n tún ń gbọ́. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àwọn obìnrin ń lu rédíò wọn láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń ní, "Ó tún ti bàjẹ́ o!" Wọn ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìyàwó fún mi.

Tadhg ló fọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà láti ìta. "Èéfín! Ẹ jáde! Èéfín!"

A tú jáde. Lókè erékùṣù, èéfín ń gòkè, kì í ṣe ẹyọ kan, méje ni. Gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ti dá tirẹ̀. Féichín di òpó ọkọ̀ rẹ̀ mú, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Sájẹ́ǹtì dé fìlà padà. "Wọ́n ní kí n wá mú ẹ̀rọ rédíò," ó ní. "Mi ò rí ìkankan. Òpó ọkọ̀ ojú omi tí ọkùnrin kan nà ró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ni mo rí." Ó wo Bairbre. "Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, ìyá mi ní kí o máa sọ ojú ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Etí rẹ̀ ti wúwo."

Tíkẹ́ẹ̀tì padà sí Boston nínú àpòòwé. A ṣe ìgbéyàwó nígbà ìkórè ọ̀dùnkún. Féichín ti ta ìgbòkun pupa ọkọ̀ rẹ̀ sórí òpó, gbogbo àwọn tó wá láti erékùṣù sì rí i láti ojú omi kí wọ́n tó rí ilé. Wọ́n gbé Cóil wá lórí àga. Òun ló di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi dá rédíò sílẹ̀ fún èdè wa, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, pẹ̀lú òpó irin. Ìyá mi gbọ́ ojú ọjọ́ ní Gaeilge títí dé ọjọ́ tó fi ayé sílẹ̀, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá ìjì ń bọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ebi mọ èdè. Nígbà tí iṣẹ́ tán ní etí òkun wa, ọdún méjìlélógún lẹ́yìn ìgbéyàwó, èmi àti Bairbre àti àwọn ọmọ wa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àǹtí Nábla ló wá pàdé wa ní pápákọ̀ Boston pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé," ó ní. "Mo ti se ọ̀dùnkún sílẹ̀ de Bairbre láti ọdún wo!"

A ti pẹ́ níbí báyìí ju bí a ṣe pẹ́ nílé lẹ́yìn ìgbéyàwó lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ wa obìnrin ti padà sí Ros an Chuain, ó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò. Láràárọ̀, a máa ń fi fóònù gbọ́ ọ, ní Gaeilge tó mọ́ bí omi àpáta: ojú ọjọ́, àwọn òkú, àgùntàn tó sọnù. Bí olórin bá sì wọlé, a máa ń gbọ́ ariwo àga, a máa ń gbọ́ ikọ́, a máa ń gbọ́ "ẹ káre." Wọn kì í tilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ yìí, àgbà kan kọrin, ó sọ ìlà tó gbẹ̀yìn, rédíò sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ọmọ ọmọ wa tó sọ̀rọ̀. Bairbre kò wò mí. Ó na ọwọ́ sí mi lórí tábìlì bí ó ti máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí rédíò bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì dì í mú, mo ń yí i, jẹ́jẹ́.